Omi Ọyàn Àkọ́kọ́ Tí À Ń Fún Dànù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Peckham níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí Ẹ̀gbọ́n Ràsákì àti gbogbo ará ilé wa ní Ìwó. Òtútù ibí ti tún dé, ó ń gé ni létí, ṣùgbọ́n àlàáfíà la wà, Alámùdùlílàì.

Mo gbọ́ pé àbúrò mi Sèkí ti wọ oṣù ìbí rẹ̀, àti pé ẹ̀yin lẹ ó gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín nítorí rẹ̀, mo sì kọ ọ́ síta gbangba kí àwọn ìyá àgbà ilé mìíràn lè bá wa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí ọmọ wa, èyí tí n kò lè sọ tán lórí fóònù.

Ẹ mọ̀ pé oṣù ọmọ náà kò pé tí ìyàwó mi Rùká fi bí i. Ẹ ò rí i, Màámi! Àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú. Dókítà ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù jù ni kòkòrò àìfojúrí, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ní agbára láti bá a jà.

Ọjọ́ yẹn lẹ pe Rùká, tí ẹ ní kí ó fún omi pupa rúsúrúsú tó kọ́kọ́ jáde lọ́mú rẹ̀ dànù, pé ìdọ̀tí ni, kí a máa fún ọmọ ní omi gúlúkóòsì títí ọyàn yóò fi funfun. Ìyàwó yín gbọ́ràn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ń fún un sínú tíṣù lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì wọlé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni. Ó pariwo pé Aunty, please, ẹ má waste ẹ̀, pé liquid gold, wúrà olómi, nìyẹn. Ó fi sìríńjì kékeré fa ìwọ̀nba tó kù, ó kán an sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ nínú. Kò kún ìdérí bíró. Inú bí mi díẹ̀. Ṣé èyí ni yóò bá ikú jà?

Ìgbà tó jókòó tì wá tó là á yé wa, ẹnu mi kò lè padé mọ́. Purotéènì ló kún inú rẹ̀, onírúurú, ara ìyá ló sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ọ̀kan ń kó áyọ́ọ̀nù, èròjà irin tí kòkòrò fi ń gbèrú, mọ́ra, ebi a sì pa kòkòrò, bí ìgbà tí ẹ bá ti kíṣìnì mọ́ àlejò tí kò fẹ́ lọ. Òmíràn ń dá ihò sí ara kòkòrò títí yóò fi bẹ́, òun kan náà ló sì wà nínú itọ́ àti omijé wa. Àwọn kan tún wà tó mọ ojú ọ̀pọ̀ àrùn tí Rùká ti bá pàdé rí. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn kí ó má ráyè wọ ara ọmọ.

Màámi, mo sunkún láìtijú. Mo tún ń rò ó pé omijé tí mò ń nù yìí náà, iṣẹ́ ló ń ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń sunkún, n kò mọ̀ pé Ọlọ́run fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Ọba tó dá wa yìí tóbi o!

Tí mo bá ti kúrò níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Sydenham, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ jókòó ti ọmọ ní ọsibítù. Kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n, èmi àti Rùká nìkan. Ìgbà kan ara ọmọ gbóná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ náà sì ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dá ẹ̀kán ọyàn yẹn dúró. Ó ti wálé báyìí, ó ń fa ọmú fúnra rẹ̀.

N kò bá yín wí o. Ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, bí ìyá tiyín náà ṣe sọ ọ́ fún yín. Àmọ́ bí Sèkí bá bímọ tí wọ́n ní kí ó fún omi ọyàn àkọ́kọ́ dànù, ojú yín ni gbogbo wọn yóò máa wò. Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ fi sí ọmọ lẹ́nu.

Kí Ọlọ́run sọ Sèkí kalẹ̀ láyọ̀, kí ó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí ẹ̀yin àti Bàbá, kí ẹ lè gbé Sàúdátù kékeré pọ̀n. Orúkọ yín la fún ọmọ wa. Ẹ bá wa kí tọmọdé tàgbà.

Ọmọ yín,
Mùfútáù