Iṣan Tí N Kò Jẹ́ Kó Sinmi

Ìyá mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ pe ará àdúgbò wá wo eré ìje mi mọ́. Iṣan ẹsẹ̀ mi ló fà díẹ̀. Dókítà ní, “Ṣe sùúrù, ó ti ń san.” Mo ní mo ti gbọ́, mo tún yọ́ lọ sáré, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ni iṣan bá já. Olùkọ́ wa ló pọ̀n mí kúrò ní pápá, kò sì bá mi wí rárá. Ìyá mi, ìbá kúkú lù mí! Mo ti ń fi ọ̀pá rìn dáadáa báyìí, ẹ má mikàn. Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí wọ́n bá bèèrè eré ìje, ẹ ní mo kí wọn gan-an ni.