Àwọn Ọjọ́ Ọjà Tí Mo Fagi Lé

Karangwuni,
Ọjọ́ ọjà Wage, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Winarti, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé omi kò tún wọ yàrá tí o háyà ní Jakarta bí ti èṣí, àti pé ikọ́ tí eruku òwú ilé iṣẹ́ aṣọ kó sí ọ láyà ti ń rọlẹ̀. Ní tèmi, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń rìn. Ewúrẹ́ wa ti bí méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ti wà lọ́kàn mi fún ọdún méjìlélógún. O mọ̀ pé èmi ni mo ya àwòrán ètò ìdàgbàsókè Karangwuni nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n fẹ́ kí abúlé wa di ìlú kékeré, kí àwọn ọ̀dọ́ lè ríṣẹ́ ṣe nílé, kí Jakarta sì lè mí díẹ̀. Èrò náà dára. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Abúlé márùn-ún ni wá, a sì ní ọjà márùn-ún, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún wa. Karangwuni ń ná tirẹ̀ ní Legi, Sendangpari ní Pahing; Pon, Wage àti Kliwon jẹ́ ti àwọn mẹ́ta yòókù. Ìyá rẹ máa ń ru apẹ̀rẹ̀ oparun rẹ̀ dé gbogbo wọn. Ní tèmi, mo wo máàpù, mo rí ọjà tó ń ṣófo fún ọjọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, mo ní ìfiṣòfò ni. Mo fi bírò pupa fagi lé mẹ́rin, mo sì ní kí wọ́n kọ́ ọjà ńlá alájà méjì sí Karangwuni, tí yóò máa ṣí lójoojúmọ́.

Ìyá rẹ ń bó àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi lọ́jọ́ náà. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní, “Mas, ọkọ mi, tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lọjà ń ná, ọjọ́ wo lèèyàn máa mọ̀ pé òun máa bá ẹlòmíì níbẹ̀?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ kì í kọ́ injiníà níṣẹ́.

Ohun tí ó rí ló ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ bá wá lónìí, ọ̀la ni ẹni tó ń tà á máa dé. Alágbẹ̀dẹ kò rí oníbàárà mọ́, aránṣọ kò rí i. Láàárín ọdún mẹ́ta, ètò tí mo ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ lè jókòó sílé ti kó wọn sínú ọkọ̀. O wà lára wọn, o kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìlú ńlá ló wù ọ́. Irọ́ ni. Apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ ni kò tà mọ́. Ó sì kú láìgbọ́ ọ lẹ́nu mi pé òun ló jàre.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọ́fíìsì rán ọmọbìnrin kan wá, Ratri lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé ètò náà dìde padà, ó sì fẹ́ mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń di ẹ̀bi náà ru ọ̀nà ọkọ̀ abúlé wa tí kò dára. Lọ́jọ́ yẹn, mo tẹ̀lé e lọ sí ìpàdé abúlé, mo jókòó sórí ẹní níwájú gbogbo èèyàn, mo sọ ohun tí Kasinem ìyá rẹ sọ, mo sì sọ èsì tí mo fún un.

Mbah Tukinah, ìyá àgbà tó ń ta tempe ẹ̀wà sóyà, tó ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, “Pak Injiníà, ọdún méjìlélógún lo fi ka ọjọ́ márùn-ún tán?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí omijé tó gbà á lẹ́nu mi.

Ọjà máràárùn-ún ti padà sí ọjọ́ wọn. Karangwuni yóò ní ohun tí abúlé kan kò lè dá ní: ilé ìwòsàn tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi àtúnṣe ẹ̀rọ oko, ilé ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ, àti bọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ sí abúlé tí ọjà rẹ̀ bá kàn. Wọn kò tíì rí olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán. Èmi kọ́ ló lẹ́nu láti ní kí o padà wálé, nítorí náà n kò sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ròyìn ti ìjẹta fún ọ. Sendangpari ná ọjà Pahing rẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì lọ. Àwọn obìnrin tẹ́ ẹní lábẹ́ igi àjàgbọn, wọ́n fún mọ́ ara wọn, síbẹ̀ àyè kan ṣófo láàárín wọn. Mo fẹ́ fi ìdí lé e nítorí oòrùn. Mbah Tukinah na ọ̀pá sí mi. “Dìde. Àyè Kasinem nìyẹn. Ọmọ ẹ̀ la fi í sílẹ̀ fún.” Mo ní o wà ní Jakarta, ò ń rán aṣọ. Ó ní, “A ò bi ọ́.” Mo dìde, mo lọ dúró sínú oòrùn.

Dárí jì mí, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí ọ láyà, kí ọwọ́ tí o fi ń ránṣọ fún ẹni ẹlẹ́ni má rọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má sì ṣì ọ̀nà níbikíbi tí o bá dorí kọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Sudarmo.

Mo tún rántí: mo ti ka kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹta ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, nígbà tí ìsinmi rẹ kò tíì ní tán, Pahing ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kí Mbah Tukinah bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.