Kí Ni Fèrèsé Yẹn Ń Béèrè?

Bàbá mi àtàtà,

Àga yín ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àga oníke aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sán tí ẹ fi wáyà dì. Bí oníbàárà bá fẹ́ jókòó sórí rẹ̀, màá ní kò lágbára mọ́, kó má lọ gbé e ṣubú. Irọ́ ni. Mi ò kàn tíì fẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa ní ta ló ń fi àga ṣe ìrántí ní Ajégúnlẹ̀ tí àyè ìdúró gan-an ò ti tó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣe àdúrà ọdún kan yín. Àfáà ka Kùráánì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Màmá náà wá, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ibi tó ti ń jọ́sìn kó tó bu ìrẹsì fún un. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọ̀rọ̀ fọ́tò yín, torí òun ló fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Sikíru, òun náà ló sì jẹ́ kí n mọ ohun kan nípa yín tí mi ò mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà láyé.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Orúnkún yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣe iṣẹ́ mègádì ní Warehouse Road mọ́, ẹ sì ní ẹ ò lè máa jókòó ti Màmá nílé bí ìyàwó tuntun. Ni ẹ bá ń tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Mò ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò àwọn èèyàn ṣe, mò ń ṣe bánà, mò ń ṣe pósítà òkú. Ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn mi, tówẹ́lì kékeré yẹn léjìká yín, ẹ ń wo gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Kí n má parọ́, níbẹ̀rẹ̀, ẹ sú mi.

Ohun tó gbà yín lọ́kàn jù ni àwọn àpótí kéékèèké tó máa ń yọ láàárín ojú kọ̀ǹpútà. Fèrèsé lẹ̀ ń pè wọ́n. Bí mo bá fẹ́ kí fọ́tò tàn sí i, fèrèsé á yọ. Bí mo bá fẹ́ gé e, òmíràn á yọ. Bí mo bá fẹ́ ti iṣẹ́ tí mi ò tíì pamọ́, fèrèsé á yọ, á da ìbéèrè kalẹ̀, á sì dúró. Kò sí ohun tí mo lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀ àfi tí mo bá dá a lóhùn. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ajégúnlẹ̀ kì í kà wọ́n. Oníbàárà ti dúró lé èèyàn lórí, ó ń pariwo pé ọkọ̀ òun ń lọ, ọwọ́ wa sì ti mọ ibi tí OK wà bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu.

"Kí ló ń béèrè?" Ẹ̀yin nìyẹn.

"Kò béèrè nǹkan kan, Bàbá."

"Ó ń béèrè. Ṣé ẹni tó bá dábùú ọ̀nà èèyàn báyìí lè má fẹ́ nǹkan kan? Kà á fún mi."

Ni mo bá ń kà á. Ó ní ṣé kí òun pa á mọ́, àbí kí òun dà á nù, àbí kí òun fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ná. Ẹ̀kẹta yẹn, káńsù, lẹ fẹ́ràn jù. Ẹ ní gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ṣe dọ́kà ní pọ́ọ̀tù Àpápá, tẹ́ ẹ ń fi èjìká gbé àpò jáde nínú ọkọ̀ òkun, kò sẹ́ni tó bi yín ní nǹkan kan kó tó ṣe é. Wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, wọn ò bi yín. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, wọn ò bi yín. Ẹ̀rọ tó bá wá ń béèrè kó tó da nǹkan ẹni nù, ẹ ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Abéèrè kì í ṣìnà, ẹ wí i fún mi títí èmi náà fi ń wí i fún àwọn oníbàárà.

Ẹ tún rántí ọkùnrin alágbádá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níta á rò pé ọ̀rẹ́ wa kan ni. Ẹ mọ àṣà wa: bí ìdílé kan bá mú fọ́tò òkú wọn wá, tí olóògbé wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀wù tó ti gbó, a ó gé orí rẹ̀, a ó gbé e sórí ara ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun, tó jókòó sórí àga ọlọ́lá. Ara yẹn wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà láti Boundary dé Coconut. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Mùsùlùmí ń wọ̀ ọ́, Kìrìsìtẹ́nì ń wọ̀ ọ́, fìlà nìkan là ń pààrọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fura. Mo tẹ pósítà kan jáde, ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ ní, "Ọkùnrin yìí tún ti kú!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ fi ń dá a mọ̀: ọwọ́ rọ̀bọ̀tọ̀ méjì tó gbé lé itan, òrùka ń dán lára ìka. "Ọwọ́ yìí ò gbé ẹrù rí," ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàánú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò sí, ẹ ní, "Gbé e wọ̀ mí, kí n wò ó." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo mú fọ́tò tí mo yà yín ní Coconut, níbi tẹ́ ẹ jókòó sórí táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ mẹ̀káníìkì, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, tówẹ́lì léjìká. Mo gé orí yín, mo gbé e sórí agbádá. Ẹ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ fa àga súnmọ́ ọn, ẹ ń wò ó. Mo fẹ́ tì í, fèrèsé yọ.

"Kí ló ń béèrè?"

"Ó ní ṣé ká pa á mọ́, Bàbá, àbí ká dà á nù."

Ẹ la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pe ìrun Alásárì. Ẹ mú kẹ́tùlù yín, ẹ ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ kírun dé. Mo fi fèrèsé náà sílẹ̀ kó máa dúró dè yín. Kẹ́ ẹ tó dé, wọ́n mú iná lọ, kọ̀ǹpútà mi sì kú pátápátá. Ìbéèrè náà bá iná lọ. Ẹ dé, ẹ jókòó, ẹ dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Mi ò bi yín mọ́. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kú ni mo ti ń bi ara mi: kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn?

Nígbà tí àdúrà ọdún kan ń bọ̀, Bùrọ̀dá Sikíru yà sí ṣọ́ọ̀bù láti pọ́ọ̀tù, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù jáde. Fọ́tò ńlá ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí a máa gbé sábẹ́ kánópì, tí a sì máa wá gbé kọ́ sí pálọ̀ lẹ́yìn àdúrà.

"Gbé agbádá wọ Bàbá, jàre. Àwọn ọ̀gá mi láti pọ́ọ̀tù ń bọ̀."

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lo ti Coconut. Òun ni Bàbá gan-an."

"Kí Bàbá wá jókòó sórí táyà níwájú àlejò? Pẹ̀lú tówẹ́lì? Abeg! Ìyà tí ọkùnrin yẹn jẹ ò tíì tó ni?"

Inú bí mi. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, pé ojú ayé ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí mo yíjú, mo rí i pé omijé ti lé ròrò sójú wọn.

"Mo ṣèlérí agbádá fún un," ni wọ́n wí. "Gbogbo ọdún Iléyá ni mò ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i. Lójú tèmi, wọ́n fẹ́ sọ yín di ẹni ẹlẹ́ni. Fọ́tò tó bá wọ inú férémù ló máa di ojú yín títí láé, Bàbá. Àwọn ọmọ wa tí wọn ò bá yín láyé, òun ni wọ́n máa mọ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí.

Màmá wá wò ó. Kí n tó lè sọ̀rọ̀, wọ́n ti jókòó sórí àga yín, mi ò sì lè sọ fún Màmá pé kò lágbára. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú.

"Ojú rẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Fìlà yìí náà yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta nìyí?"

"Ó bá agbádá wá ni, Màmá."

"Ọwọ́ yìí ò kan ilẹ̀kùn mi rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún yín, tí okùn ọkọ̀ òkun fún, tí kò ká mọ́ láti ìgbà yẹn! Tẹ́ ẹ bá kan ilẹ̀kùn, òun ló máa ń kọ́kọ́ dún kó tó kan àwọn ìyókù, Màmá á sì ti dìde kẹ́ ẹ tó pè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń jẹun, òun nìkan ló máa ń nà síta bí àlejò tí wọn ò pè sídìí oúnjẹ. Òun sì ni mo máa ń dì mú ní kékeré tí a bá fẹ́ sọdá láàárín àwọn tírélà ní Coconut, torí òun ni kì í yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe gbé ọwọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí lé itan yín, tí ojú mi ò sì rí i? Mò ń jà nítorí tówẹ́lì, mo gbàgbé ọwọ́.

Ni mo bá padà sídìí fọ́tò Coconut. Mo gé ọwọ́ yín kúrò lórí orúnkún, mo tì wọ́n bọ inú apá agbádá. Iṣẹ́ náà le. Oòrùn ti mú ọwọ́ yín dúdú ju ojú yín lọ, epo mẹ̀káníìkì sì wà nínú èékánná. Mo fẹ́ mú wọn mọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè bá agbádá mu, fèrèsé yọ.

"Kí ló ń béèrè?"

Bàbá, mo bojú wẹ̀yìn. Màmá ni. Ohùn wọn ni, ọ̀rọ̀ yín ni. Wọn ò jókòó síbẹ̀ rí. Ta ló kọ́ wọn?

"Ó ní ṣé kí òun mú ọwọ́ náà mọ́ tó báyìí, Màmá." Mo fi hàn wọ́n. Àmì kékeré kan wà nínú fèrèsé náà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yín á mọ́, tí mo bá tún un tẹ̀, á padà sí bó ṣe wà, kí n tó wá fọwọ́ sí i.

"Kí ló fẹ́ fi mímọ́ ṣe? Sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀."

Mo tẹ káńsù. Gbogbo fèrèsé tó yọ lọ́jọ́ náà ni mo kà sókè fún wọn, ìkankan ò bọ́. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹ jókòó nínú agbádá funfun, ọwọ́ yín gan-an lórí itan, ìka yẹn nà gbọọrọ. Mo fẹ́ tì í. Fèrèsé ìkẹyìn yọ, mo kà á: ṣé ká pa á mọ́, àbí ká dà á nù, àbí ká fi í sílẹ̀ ná.

"Pa á mọ́," ni Màmá wí. "Bàbá ẹ ti dáhùn èyí tipẹ́."

Mo yíjú sí wọn.

"Ó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní o gbé agbádá wọ òun nínú kọ̀ǹpútà, fèrèsé kan wá ń béèrè ṣé kẹ́ ẹ pa á mọ́. Ó ní òun fẹ́ ní kó o pa á mọ́, àmọ́ òun tijú."

"Ó tijú ta?"

"Ó tijú ẹ. Ó ní o máa fi òun rẹ́rìn-ín."

Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ tijú èmi? Èmi tẹ́ ẹ máa ń fi ọṣẹ fọ lójú ní kékeré? Ṣé torí ẹ̀rín tí mo rín nígbà tẹ́ ẹ ní ọkùnrin náà tún ti kú ni? Ṣé ẹ rò pé mo máa béèrè ohun tí dọ́kà fẹ́ fi agbádá ṣe? Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láé. Àbí mo lè sọ ọ́, lẹ́fẹ̀? Èyí ni mi ò mọ̀, ó sì ń dùn mí. Mo ti ń yangàn nínú ara mi pé èmi ni mo mọ̀ yín jù, torí èmi ni mo bá yín jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń pè ní olójú ayé, tí kì í ráyè jókòó, òun ló mọ ohun tó ń wù yín.

Mo pa á mọ́.

Lọ́jọ́ àdúrà, Bùrọ̀dá Sikíru fúnra wọn ló gbé férémù náà jáde. Wọ́n dé ibi ọwọ́, wọ́n dúró. Mo ti múra ìjà. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa gíláàsì náà níbi ìka tí kò ká, wọ́n pa á lọ, wọ́n pa á bọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sábẹ́ kánópì. Àwọn ọ̀gá láti pọ́ọ̀tù yin agbádá, wọ́n jókòó. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín mẹ̀káníìkì dé láti Coconut, ó súnmọ́ férémù, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ Bàbá Sikíru rè é o! Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ta ló wá ra agbádá yìí fún un?"

Bùrọ̀dá Sikíru dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Èmi ni."

Màmá ní, "Òun ni." Èmi náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bùrọ̀dá ni."

Ó ti wà ní pálọ̀ báyìí, ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Mo pa ti Coconut náà mọ́, tówẹ́lì àti táyà, ìyẹn jẹ́ tèmi. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo fèrèsé tó bá yọ ni mò ń kà sókè báyìí. Àwọn oníbàárà rò pé orí mi ti ń dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, níbi tẹ́ ẹ wà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́, ẹ má tijú mọ́. Ẹ sọ ọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì di ìka yín mú.