Irun Ọmọlángidi Tó O Ní Kí N Gbà

Bọ́látitó,

Mo ti lọ dirun ìyàwó ní Ẹdúnàbọ̀n. Ìrẹsì wà nínú kúlà.

Rasheed tó ń tà á gbé ọmọlángidi kátúùnù Jàpáànù rẹ wá láàárọ̀. Méjì ló kó wá, ó ní kí n mú ọ̀kan. O ti kìlọ̀ fún mi pé èyí tí páálí rẹ̀ bá dán ni kí n mú, kí n má sì tú u, nítorí iyì rẹ̀ á dínkù. Má bínú, mo tú méjèèjì. Ṣé èèyàn ń ra irun láì tú u wò ni?

Irun ti páálí dídán ki pọ̀ bí rọ́bà tó yọ́, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sì hàn láti etí dé èjìká bí ojú àpá. Ti páálí tó tẹ̀ ni mo mú. Wọ́n fín irun tirẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e sójú fèrèsé, oòrùn gba inú irun aláwọ̀ ojú ọ̀run náà kọjá bí ìgbà tó ń wọ inú odò. Mo jókòó, mò ń wò ó ṣáá. N ò mọ ìgbà tí ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé mi lọ Ẹdúnàbọ̀n ti ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n la ìpàkọ́ rẹ̀ gba àárín, bí mo ṣe máa ń la tìrẹ gan-an, kó o tó ní o ti dàgbà ju ẹni tí ìyá ń dirun fún.

Ó wà lórí tábìlì. Mo fi òòyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òòyà yẹn kì í ṣe ti ọmọlángidi.

Màmá rẹ