Àwòrán Tí Àwọ̀ Rẹ̀ Kò Tètè Dé

Ìjẹ̀gùn,
Ọjọ́ Sátidé.

Ayàwòrán mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ojú oòrùn Àbújá. Ṣé ara le, ṣé ẹ ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó mú yín dé ọ̀hún kò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò pe orúkọ yín. Bàbá yín ní kí n máa pè yín ní Ṣọlá, pé ọmọ mi lẹ jẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó oṣù mẹ́rin ni mí, wọ́n sì ti bí yín sínú ilé yìí kí n tó wọlé. Ojú ń tì mí, jàre. Ayàwòrán mi ni mo sọ yín.

Ara bàbá yín le. Adìẹ yín ti pa mẹ́sàn-án, òjò sì ti ba ọ̀nà wa jẹ́ débi pé ọlọ́kadà kì í wọlé mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá yín lẹ́yìn Àjíǹde. Nígbà tó dé, dúdú àti funfun nìkan ni mo rí. Mo ní dátà ló tán lọ́nà, àwọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yọjú wò ó bóyá àwọ̀ ti dé. Mo tún dorí fóònù kodò, bóyá ó há síbì kan, àwòrán náà yíra padà, ó nàró. Fóònù yẹn lẹ́kọ̀ọ́ o, kò gbà kí n dorí bàbá ilé kodò.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù ni ọwọ́ mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Nítorí ẹ̀ ni tíṣà ṣe ń so ọwọ́ mi mọ́ àga, tí mo fi sá kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹrin. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà lọ́dọ̀ wa ni mo fi pamọ́ fún yín, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń bu oúnjẹ yín, tí ọbẹ̀ ń dà sílẹ̀. Àṣé lọ́jọ́ tí èmi àti bàbá yín jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí à ń bó ọsàn, ẹ ti yà wá láìjẹ́ ká mọ̀. Ìdíátù aládùúgbò wa wò ó, ó pariwo pé wọ́n ti ká ìyàwó mọ́ ibi ọwọ́ òsì, pé ẹ̀rí ti dé Àbújá.

Mi ò lè jẹun. Mo gbé fóònù lọ bá Julius tó ń tẹ fọ́tò ní Ìkòtún, mo ní kó bá mi fi àwọ̀ sí i, kó sì yí ọwọ́ yẹn sí ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá, ó wò ó títí, ó ní òun ò jẹ́ fọwọ́ kàn án, kí n wò ó dáadáa.

Mo bá wò ó. Ilẹ̀kùn wà láàárín gbùngbùn. Bàbá yín wà lápá kan, èmi wà lápá kejì. Àwa méjèèjì tẹrí ba, ọ̀bẹ tiẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tèmi wà lọ́wọ́ òsì, èèpo ọsàn ń fì sílẹ̀ lọ́gbọọgba bí ìgbà tí ẹnì kan ń wo dígí. Ẹ rántí pé ẹnu ọ̀nà ni ọ̀dà tán sí nígbà tí wọ́n ń kun ilé dè mí. Bàbá yín tó wọ bùbá funfun, iwájú ògiri dúdú tí ọ̀dà kò dé ló wà. Èmi tí mo dúdú, iwájú ògiri funfun ni mo wà. Ó dára ju fọ́tò ìgbéyàwó wa lọ, èyí tí a gbọ́wọ́ lórúnkún tí a fajú ro bí ẹni tó wà ní kóòtù.

Ká ní ọwọ́ ọ̀tún ni mo lò ni, àwòrán yín ì bá wọ́. Ọwọ́ tí wọ́n ń nà mí tìtorí ẹ̀, òun ló jẹ́ kó gún.

Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ni? Bàbá yín ní ẹni tó bá kà wá mọ́ra nìkan ló lè rí wa bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kó jẹ́ òótọ́.

Bí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, ẹ fi owó férémù ránṣẹ́, oní-gíláàsì. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò màmá yín tó ti lọ, bí ẹ bá gbà fún mi. Bí ẹ ò bá gbà, mà á gbé e sí yàrá, mi ò ní bínú.

Ọlọ́run á fún yín lẹ́ni tí yóò jókòó sápá kejì ilẹ̀kùn yín, tí ilé yín kò fi ní tẹ̀ sápá kan.

Ẹ má wo bí bírò ṣe fà kiri ìwé yìí. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́.

Èmi Ìbíyẹmí,
ìyàwó yín tàbí ìyá yín, èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì.