Ìtànná Kaisia Tó Tètè Yọ

Abúlé Brestak,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Zlatina ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo gbà pé ara rẹ le níbi iṣẹ́ ní Spéènì, àti pé o kò fi ebi pa ara rẹ kí o lè tọ́jú owó. Èmi náà wà láàyè. Ìyẹn ni mo lè sọ.

Lórí fóònù, kìkì pé bàbá rẹ ti lọ ni mo rí sọ. Ìṣẹ́jú ń jẹ owó, ẹkún sì ń jẹ ìṣẹ́jú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé.

O rántí pé nígbà tí dókítà ní kò sí ìwòsàn fún àìsàn náà mọ́, bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló dá ìgbà: "N ó dúró di ìgbà tí kaisia, igi eléso ẹ̀yìn fèrèsé wa, bá tanná. Kí Zlatina wá bá mi nígbà náà." Oṣù kẹrin ló ti ń tanná láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí. Ìdí nìyẹn tí o fi ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kẹrin, olówó pọ́ọ́kú, tí kò ṣeé yí padà.

Ṣùgbọ́n òtútù kò wá lọ́dún yìí. Ìdajì igi ìdáná wa ṣì wà nílẹ̀. Oyin ti ń fò kiri láti oṣù kìíní. Nígbà tó fi di oṣù kejì, ẹyẹ àkọ̀ kan ti dúró lórí òpó iná ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo abúlé ń yọ̀. Èmi ń wo ìrudi kaisia tó ń wú, mo sì ń ka ọjọ́ tó kù kí o tó dé.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tanná, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Bàbá rẹ ní, "Ìyá Zlatina, kí lo ń fi pamọ́? Àbí o ti ní ọkọ mìíràn níta?" Mo ní, "Atẹ́gùn ló ń wọlé, ẹ sinmi." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Inú òkùnkùn yẹn la wà bí ọ̀sẹ̀ kan.

Mo wà lọ́dọ̀ ewúrẹ́, mò ń fún wàrà, nígbà tí Stoyka aládùúgbò wa wá bẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òde: "Dobri, ọ̀lẹ! O ṣì ń sùn? Ìgbà ìrúwé ti dé ilé rẹ!" Mo sáré wọlé. Ẹ̀ka kaisia tó ṣẹ́ wá ti wà láyà bàbá rẹ, ó funfun báláú.

Bàbá rẹ bi mí pé, "Zlatina dà?" Mo ní ó ṣì ku oṣù kan àti díẹ̀. Ó ní kí n so òwú pupa àti funfun tí a máa ń so níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ní, "Oṣù kẹta kò tíì wọlé. Ta ló ń so ó báyìí?" Ó ní, "Igi kò ka kàlẹ́ńdà, Nedyalka. So ó." Mo so ó. Kò pẹ́, ó ní kí n tú u, kí n lọ fi kọ́ ara igi, bí a ti ń ṣe tí a bá ti rí ìtànná àkọ́kọ́. Ó yé mi pé ìgbà tó dá ti pé. Mo lọ. Nígbà tí mo padà, ó ti kọjú sí ògiri, kò sì gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó sùn, kò jí.

Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín ni ìrì dídì wá bọ́, gbogbo ìtànná sì dúdú. Àwọn ará abúlé ń sunkún èso tí wọn kò ní rí ká. Èmi ń sunkún pé òtútù náà pẹ́ kó tó dé.

Máa bọ̀ bí o ti ṣètò. Ewé nìkan lo máa bá lórí igi. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́, kí ọmọ tí o bá bí máa bá ọ láyé.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Nedyalka.

Àfikún: Stoyka máa ń bá mi lọ síbi sàréè. Ó ní ohun tó ń tu òun nínú ni pé Dobri rí ìtànná kó tó lọ, àti pé ọwọ́ òun ló ti rí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni; kò mọ̀ nípa ìgbà tí bàbá rẹ dá. Tí o bá dé, ìwọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.