Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Lọ Bẹ̀ Ló Fẹ́ Ba Iṣẹ́ Ọmọ Ọmọ Mi Jẹ́

Èmi ni mo tú àṣírí tí ọmọ ọmọ mi bò, òun kò sì tíì mọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ gbà mí, orí mi ti kún. Ìyá àgbà ni mí ní Manigri, ìwé tí mo kà kò jìnnà, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tẹ èyí lórí fóònù, torí náà ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ wo ohun tí mo sọ.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ ọmọ mi ní Ràfíátù. Ó parí yunifásítì, ó tún padà lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tí wọ́n ń gbọ́ ọ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Másítà ni wọ́n ń pe ìwé náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìwé, ṣebí ohun tí mo ń ṣe lábẹ́ igi kajú mi nìyẹn, tọkọtaya ń jà, mo pè wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ. Ó ní, "Ìyá, tiwa yàtọ̀. Àwa kì í bá wọn bẹ ẹnikẹ́ni." Mi ò bi í pé kí ló dé... ìbá ṣe pé mo bi í!

Lọ́dún yìí wọ́n ní kó wá ṣe sítáàjì ní ilé ìwòsàn kan ní ìhà Bassila, kó máa ṣe iṣẹ́ náà lójú ọ̀gá kí wọ́n tó fún un níwèé. Ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn. Ìyàwó ilé kan ládùúgbò wa, n ó pè é ní Àlímá, oyún rẹ̀ wálẹ̀, láti ìgbà náà kò sùn mọ́, kò jẹun mọ́. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn ń bà á, kí wọ́n má baà ní ó ti ya wèrè. Olùkọ́ Ràfíátù ti kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ gba ẹnikẹ́ni nílé, ṣùgbọ́n àánú ṣe é, ó gbà á sí yàrá mi. Ó ní kí n bọ́ síta, ó ní ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Mo bọ́ síta lóòótọ́... ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti ń bẹ iṣu èlùbọ́. Mo gbọ́ tí Àlímá ní ìyá ọkọ òun ń pe òun ní ọ̀lẹ torí òun kò lè gún iyán, tó ní bí òun bá dé ọ̀nà oko, ó ń ṣe òun bíi kí òun máa rìn lọ, kí òun má padà mọ́ láéláé. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo dìde.

Ẹ sọ fún mi, àgbà wo ló máa gbọ́ irú èyí táá dákẹ́? Ọ̀rẹ́ mi ni ìyá ọkọ rẹ̀, a jọ ń ṣa kajú. Mo lọ bá a, mo ro ohun tí Àlímá sọ fún Ràfíátù fún un, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi. N kò kà á sí òfófó. Ẹ̀bẹ̀ ni mo pè é. Ó gbà, ó ní òun kò ní dárúkọ mi. Orúkọ mi nìkan náà ló sì bò. Lọ́jọ́ kejì, níbi ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo obìnrin, ó ń pariwo mọ́ Àlímá, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Madáàmù tó ń rojọ́ ìyá ọkọ fún akẹ́kọ̀ọ́! Ṣé kí n wá máa gúnyán fún ọ ni, àbí kí n pọ̀n ọ́ lọ oko kí o má baà sọnù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlímá gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Ó ti wà nílé bàbá rẹ̀ ní Doguè báyìí, wọ́n ní kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ràfíátù pè é títí, kò gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìwòsàn, àmọ́ wọn kò mọ̀ pé ilé mi ni wọ́n ti sọ ọ́, olùkọ́ ń bọ̀ láti Parakou ní Àlàmísì láti wá béèrè ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ọmọ mi ń wá ẹ̀bi lára ara rẹ̀. Àná tí a ń jẹun, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun ni?" Mo ní n kò mọ̀. Èmi tí mo bí ìyá rẹ̀! Ó ní òun yóò gbà pé òun ni, òun yóò fi ìwé sílẹ̀, òun yóò wá bá mi ṣa kajú, pé ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ kò yẹ níṣẹ́ náà. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́... mo dákẹ́ o!

Bí mo bá sọ fún olùkọ́ pé èmi ni, yóò bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́, á sì hàn pé ilé mi ni Ràfíátù ti gba aláìsàn. Bí mo bá sọ fún Ràfíátù, ṣé yóò tún jẹun lọ́wọ́ mi? Ṣùgbọ́n ti Àlímá ni kò jẹ́ kí n lè mí. Ó rò pé ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ òun ló ta òun. Ta ni yóò tún sọ ọ́ fún bí ọ̀nà oko yẹn bá tún ń pè é? Mo fẹ́ lọ Doguè, kí n kúnlẹ̀ fún un, àgbà tí mo jẹ́ yìí, kí n ní kì í ṣe Ràfíátù, èmi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún lọ láìsọ fún Ràfíátù, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni mo tún ń ṣe? Bí mo bá sì sọ fún un, tó ní kí n má lọ, ńkọ́? Àlàmísì ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin tí wọ́n ti tú àṣírí yín rí, ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn: nínú àwọn ọmọ méjèèjì yìí, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?